Ohùn Ìyáálé Nílé Ìyá Mi

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin tó ṣe ìyàwó kékeré nínú eré wa jókòó nílé rédíò, ó ní èmi fúnra mi ni mo fi eré sílẹ̀ nítorí pé ara mi kò gbé e mọ́. Ó ní òun sunkún lọ́jọ́ tí mo lọ. Ó pè mí ní ìyá òun. Mo pa rédíò, mo fọ abọ́ tó wà lọ́wọ́ mi tán, mo wá ìwé àti gègé. Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ẹni tó bá fẹ́ purọ́ mọ́ mi ì bá ní sùúrù kí n kú tán. Kò lè pẹ́ mọ́.

Ara mi gbé e. Ohùn mi ni wọ́n yọ, òun ló sì fi ibi tí wọn yóò ti gé e hàn wọ́n.

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣe Ìyáálé. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbé eré náà sórí amóhùnmáwòrán, ní agogo méjì ọ̀sán, nígbà tí ọ́fíìsì bá ti tì, tí àwọn oníṣòwò bá na ẹsẹ̀ sórí ẹní de ìgbà tí oòrùn yóò rọ̀. Ọjọ́ Sátidé àti ọjọ́ Àìkú nìkan ni kì í sí. Ìyáálé jí ìwé ilé ọkọ rẹ̀. Ó da iyọ̀ sínú ọbẹ̀ orogún rẹ̀. Ó kọ lẹ́tà èké sí ọ̀gá ibi iṣẹ́ àna rẹ̀. Nínú ọjà, àwọn ẹlẹ́ja a máa fa ẹja gbà padà lọ́wọ́ mi.

“Ìwọ yìí? O ò ní ra ẹja mi lọ pa ọmọ ọlọ́mọ!”

Wọn a rẹ́rìn-ín, wọn a tún fi ẹyọ kan lé e fún mi. Mo fẹ́ràn rẹ̀. N kò ní purọ́.

Kí n tó di Ìyáálé, olùkọ́ èdè Faransé ni mí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, títí mo fi fẹ̀yìn tì. Aṣọ tí ìyá mi ń tà ló rán mi lọ sílé ìwé. Opó ni, Mùsùlùmí ni, ó ti lọ sí Mẹ́kà, kò sì sí ẹni tó ń pè é ní ohun mìíràn ju Àlájà lọ ní àdúgbò Djègan-Kpèvi. Ọmọ méjì ló bí, èmi àti àbúrò mi obìnrin. Kò mọ̀wé. Ṣùgbọ́n bí mo bá kó ìwé ìdánwò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá sílé, á gbé e lé itan, á máa fi àtàǹpàkò pa á bí ẹni tó ń yẹ ojúlówó aṣọ wò. Nígbà tí mo sọ fún un pé mo fẹ́ ṣe eré lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì mi, ohun tó sọ kò ju pé, “Àgbàlagbà kì í kọ́ irọ́ pípa lẹ́yìn tí eyín bá ti ń mì.” Ó ń bínú, ṣùgbọ́n ó ṣì ń bu oúnjẹ fún mi.

Ilé àwọn Àgùdà àtijọ́ kan la ti ń ya eré náà, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ọ̀dà rẹ̀ ti ṣí, tí fèrèsé rẹ̀ jẹ́ ti pákó. Ìwé eré wà ní Faransé. Bí a bá ti ṣe ìran kan tán bó ṣe wà nínú ìwé, a ó tún un ṣe ní Nàgó. Ti Faransé ń jáde láàárọ̀, ti Nàgó ló ń jáde ní agogo méjì. Ti Nàgó kò sí nínú ìwé kankan. Olùdarí eré jẹ́ ọmọ Kùtọnu, kò gbọ́ ju “ẹ káàárọ̀” lọ nínú èdè wa. Á kàn na ọwọ́ sókè, á ní, “Ó yá, ẹ sọ ohun kan náà.” Àwa nìkan la mọ ohun tí a sọ. Ohun tí a bá yà lónìí, ní ọjọ́ kẹrin ni yóò jáde.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ba ayé ara mi jẹ́, ní ọdún kẹta eré náà.

Ọkọ Ìyáálé fẹ́ lé e jáde. Ìwé eré ní kó sọ pé òun kò ní ẹnì kankan mọ́. Mo sọ ọ́ ní Faransé, kò ní iyọ̀. Nígbà tó kan ti Nàgó, ẹkún gbé mi, mo wólẹ̀ sórí àtẹ̀gùn, mo sì gbọ́ tí ẹnu mi ń wí pé, “Ìyá tó bí mi ti kú! Ta ni mo tún ní láyé?”

Ẹni tí wọ́n bá bí ní ilẹ̀ wa mọ ohun tí mo ṣe. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ wà láàyè kì í fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, ì báà jẹ́ nínú àwàdà, ì báà jẹ́ nínú àlá. Bó ti jáde ni mo ti mọ̀. Mo dìde, mo bẹ olùdarí pé ká tún un ṣe. Ó ní oòrùn ti ń lọ. Ó ní n kò ṣe ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí látọjọ́ tí òun ti mọ̀ mí. Mo ṣàlàyé fún un. Ó ní, “Ṣùgbọ́n Ìyáálé ló sọ ọ́, kì í ṣe ẹ̀yin.” Mo gbà á gbọ́, nítorí pé mo fẹ́ gbà á gbọ́, àti nítorí pé ó yìn mí.

Nígbà náà, ojú ìyá mi ti ń lọ. Àrùn ojú tí kì í dunni ló ń ṣe é, èyí tó ń jẹ ìran láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín. Kò rí ju òjìji lọ mọ́, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ mú. Ní ọjọ́ kẹrin, ó jókòó sáàárín àwọn obìnrin inú àgbàlá, gbogbo wọn sì jọ gbọ́ ọ. Àbúrò mi, tó ń bá a gbé, sọ fún mi bó ṣe lọ. Ìyàwó alágbẹ̀dẹ tó ń gbé lápá òsì àgbàlá ló kọ́kọ́ fọwọ́ lu ọwọ́.

“Àlájà, ẹ kú àjíǹde o!”

“Ẹ jẹ́ ká fọwọ́ kan yín,” èkejì wí. “Ṣé ẹ̀yin ni, àbí iwin yín?”

“Ọmọ yín ti jogún ìsọ̀ aṣọ o, ẹ yáa bẹ̀ ẹ́ kó dá ọ̀pá mẹ́ta padà fún yín!”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ìyá mi kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó fọwọ́ tọ ògiri wọlé.

Ní ọjọ́ kejì mo gbé búrẹ́dì àti ẹja lọ. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó fọwọ́ ìhín àti ọ̀hún di férémù mú.

“Ta lẹ̀ ń wá?”

“Ìyá mi, èmi ni.”

“Ìyá ta ni? Ìyá tìẹ kú lánàá, ní agogo méjì. Gbogbo ìlú ló gbọ́. Òkú kì í gba àlejò.”

Mo kúnlẹ̀. Èmi tí mo fi ọgbọ̀n ọdún ṣàlàyé gírámà fún ọmọ ọlọ́mọ, mo ń wá ọ̀rọ̀. Mo ní Ìyáálé ló sọ ọ́.

“Ohùn ta ni?”

“Ohùn mi ni.”

“Ẹnu ta ni?”

“Ẹnu mi ni, Ìyá.”

“Ó tán nìyẹn.”

Ó fa aṣọ ẹnu ọ̀nà sílẹ̀. Mo rán lèmọ́mù sí i, ó fún lèmọ́mù lómi mu, kò dá a lóhùn. Mo rán àwọn àgbà ìdílé, ó ní kí wọ́n kí òun kú aráfẹ́rakù ara òun. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ láti ọjọ́ náà: kí ó tún ní, “Wọlé, ọmọ mi.” Gbogbo ohun tí mo bá kọ láti ibí yìí lọ, orí ìyẹn ló dá lé.

Ọdún kan kọjá kí àbúrò mi tó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kan lọ́nà ọjà.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ó ń gbọ́ yín o.”

“Ta ló ń gbọ́ mi?”

“Ìyá ni. Lójoojúmọ́. Bó bá ti kírun ọ̀sán tán, á ní kí n gbé ẹní òun sún mọ́ àpótí amóhùnmáwòrán yẹn. Bẹ́ ẹ bá ti ń sọ̀rọ̀, ẹnì kan ò gbọ́dọ̀ wúkọ́.”

“Kí ló máa ń sọ?”

“Èébú ni.” Ó rẹ́rìn-ín. “Ó ní, ‘Ẹ gbọ́ ọ, ẹnu rẹ̀ ò sinmi láti kékeré.’”

Láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣẹ́. Bí Ìyáálé bá wọ yàrá, mo ń fi kún un pé, “Ẹ kú ọ̀sán o, ẹ̀yin àgbà tó wà lórí ẹní.” Bí àbúrò mi bá sọ pé ó ti kọ oògùn ojú, Ìyáálé á bá ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ wí pé ẹni tí kò bá kán oògùn láàárọ̀ kó má bínú sí òkùnkùn. Nígbà tí ikọ́ mú un, Ìyáálé fi ìdajì ìran kan ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń se efinrin. Olùdarí ń mi orí. Ó rò pé ìkà ni mò ń ṣe.

Nígbà kan, mo ya ìran kan nídìí àwo oúnjẹ. Mo mọ ọjọ́ tí yóò jáde. Àárọ̀ ọjọ́ náà, mo fún àbúrò mi ní ẹja yíyan kó gbé e lọ, kó má sọ ẹni tó rán an. Ní agogo méjì, Ìyáálé ti ọwọ́ bọ àwo, ó ní, “Ẹja tí mo yan yìí, ṣé ó dùn?”

Àbúrò mi ní ìyá wa kọjú sí àpótí. Ó ní, “Ó dùn. Ṣùgbọ́n iyọ̀ rẹ̀ pọ̀.”

Ojú ọ̀nà ni mo wà nígbà tó sọ ọ́ fún mi. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ìyá mi sọ sí mi láti ọjọ́ tó fa aṣọ ẹnu ọ̀nà sílẹ̀ nìyẹn.

Bí a ṣe ń ṣe é lọ nìyẹn, ọdún lé ọdún. Mo rò pé lọ́jọ́ kan ó lè rẹ̀ ẹ́ láti máa bá àpótí sọ̀rọ̀, kó ní kí wọ́n pè mí.

Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ níbi iṣẹ́, ọmọbìnrin tó ṣe ìyàwó kékeré yẹn. Avrankou ló ti wá, Gún ni èdè rẹ̀, Nàgó rẹ̀ kò pé gbólóhùn mẹ́wàá nígbà tó dé. Èmi ni mo ń kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú ìwé àjákọ fún un, tí mo ń pè é fún un títí ahọ́n rẹ̀ fi dẹ̀. Nítorí pé a jọ ń ṣe é, ó gbọ́ àwọn ohun tí mo ń fi kún un. Ó bi mí, mo sì sọ fún un. Èmi, àgbàlagbà, mo sọ fún ọmọdé ibi tí mo fi ẹ̀mí mi pamọ́ sí.

Ní ọdún kẹwàá, ọ̀gá tuntun ra eré náà. Kò tíì pé ogójì ọdún, ó ń ta sánsán, gbogbo obìnrin tí irun rẹ̀ bá ti funfun ló ń pè ní màmáà. Ó ránṣẹ́ pè mí.

“Màmáà, wọ́n ní ẹ ń ránṣẹ́ sílé yín nínú eré mi.”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

Ó wo ẹnu ọ̀nà. Ìyàwó kékeré dúró níbẹ̀, ó ń wo èékánná rẹ̀.

“Tàǹtí, ẹ má bínú,” ó ní. “Wọ́n bi mí ni.”

Ọ̀gá náà kò pariwo. Ó ní òun fẹ́ máa ta eré Nàgó náà fún àwọn ará òdìkejì ibodè Kraké. Ó ní òun ti rí obìnrin kan lọ́hùn-ún tí èdè rẹ̀ mọ́, tí kò lú Faransé àti Gún pọ̀ mọ́ ọn, tí kì í sì í bá ará ilé rẹ̀ sọ̀rọ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Òun ni yóò máa sọ ti Ìyáálé. Kí n kàn máa ya ẹnu.

“Èmi ni mo ni ẹnu mi,” mo wí.

“Ojú yín ni mo rà, màmáà. N ò ra ohùn.”

Mo kúnlẹ̀. Mo fẹ́ fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹlòmíràn tó kọ ọ́: mo kúnlẹ̀ fún ọkùnrin tí mo lè bí lọ́mọ. Mo sọ ọ̀rọ̀ ìyá mi fún un, láti orí gbólóhùn tí mo sọ lórí àtẹ̀gùn títí dé orí ẹja. Mo ní kó gbà kí n máa sọ ìkíni kan ṣoṣo, “ẹ kú ọ̀sán”, kó máa mú ìyókù. Ó gbé mi dìde tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Omi wà lójú rẹ̀. Ó ní ìtàn yẹn dára gan-an, pé ó yẹ ká fi í sínú eré.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ohùn àjèjì jáde lẹ́nu mi. Ohùn tó tutù, tó dára, mi ò lè sọ pé kò dára. Ìyá mi gbé orí sókè.

“Ta nìyí?”

“Ìyáálé ni, Ìyá,” àbúrò mi dáhùn.

“Kì í ṣe òun.”

Ọjọ́ kejì, ó tún bèèrè. Ọjọ́ kẹta, kò bèèrè mọ́. Ó ní kí wọ́n fi aṣọ bo àpótí náà. Ó ní, “Ó ti kú. Ẹ ń fi pamọ́ fún mi nítorí pé mi ò ríran.” Àbúrò mi fi Kùránì búra. Ìyá mi ní àwọn èèyàn ń búra nítorí afọ́jú, pé Ọlọ́run á foríjì wọ́n. Kò jẹun alẹ́. Kò jẹ ti àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó kọjú sí ògiri, ó ń fa tẹ̀sùbáà. Níkẹyìn ó ní, “Bó bá wà láàyè, kó sọ̀rọ̀ kí n gbọ́.”

Àbúrò mi sáré jáde, ó gun sémíjàn tó kọ́kọ́ kọjá, ó ní kí ẹni tó ń wa alùpùpù náà má pa á lẹ́nu ọ̀nà mi. Mo gun ẹ̀yìn rẹ̀ láìwé gèlè.

Aṣọ ẹnu ọ̀nà ti yí padà. Mo kọjá rẹ̀ ní ìṣísẹ̀ kan.

“Dúró síbẹ̀,” ìyá mi wí. Ó ti rù. N kò rí i nítòsí láti ọdún méje. “Sọ̀rọ̀.”

“Ìyá mi, ẹ kú ọ̀sán o.”

Ìka rẹ̀ dúró lórí tẹ̀sùbáà. Mo ti fẹ́ gbé ẹsẹ̀ kejì.

“Mo ní kí o dúró síbẹ̀. Mi ò pè ọ́ kí o wá kí mi. Kí ni Ìyáálé wí lónìí?”

Agogo méjì ti ń lù lọ. Àbúrò mi ká aṣọ kúrò lórí àpótí, ó tan án. Mo rí ojú ara mi, mo gbọ́ obìnrin òdìkejì Kraké.

“Pa ohùn ẹni yẹn,” ìyá mi wí. “Ìwọ, sọ ọ́.”

Mo sọ ọ́. Láti ọjọ́ náà ni ó ti di iṣẹ́ wa. Bí Ìyáálé bá la ẹnu, àbúrò mi á fi àtàǹpàkò tẹ rìmóòtù, ohùn á lọ, èmi á sì sọ̀rọ̀ lórí ìdúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí. Bí Ìyáálé bá pa ẹnu dé, á dá ohùn àwọn yòókù padà. Bí mo bá pẹ́ díẹ̀, ìyá mi á ní, “Ìyáálé, o ti sùn ni?” Bí mo bá sọ ọ́ dáadáa, á ní, “Ìkà!” Ìyìn nìyẹn. Bí orin ìparí bá bẹ̀rẹ̀, á ní, “Ó ti parí. Máa lọ.”

Kò ní kí n jókòó rí. Kò bu omi fún mi rí. Mo lọ ní ọjọ́ Àìkú kan, ó rán àbúrò mi sí mi lẹ́nu ọ̀nà pé kò sí eré lónìí. Ní ọ̀sán kan, bí Ìyáálé ṣe ń bẹ ọkọ rẹ̀, mo kọjú sí ẹní, mo ní, “Ẹ foríjì mí, ìyá mi.” Ó dá a lóhùn kíá: “Ìyẹn ò sí nínú eré.”

Ìyáálé ló gbà sílé. Mo ń bá a wọlé bí ẹrù tí wọ́n gbé lé e lórí.

Nígbà tó di ọdún kọkànlá, ọ̀gá tuntun ní Ìyáálé ti dàgbà jù, àwọn tó ń wo eré fẹ́ ọ̀dọ́. Ó ní kó já bọ́ lórí àtẹ̀gùn. Ìyàwó kékeré ni yóò tì í. Ó tì mí dáadáa. Ara mi gbé e, ẹ bi í léèrè. Wọ́n tẹ́ mi sílẹ̀, wọ́n bò mí láṣọ funfun, ọ̀gá ní, “Ẹ má mí, màmáà.” Èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ń sunkún lé mi lórí. Ohun tí mò ń rò lábẹ́ aṣọ náà ni ọjọ́ mẹ́rin. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, n kò ní rí ẹnu ọ̀nà ìyá mi wọ̀ mọ́.

Àbúrò mi ló dúró dè mí ní ìta lọ́jọ́ náà.

“Kí la ó ṣe?”

“Bí wọ́n bá ti gbé mi jáde, pa ohùn.”

“Títí di ìgbà wo?”

“Mo ní kí o pa á. Orin ìparí nìkan ni kó máa gbọ́.”

Lórí amóhùnmáwòrán, wọ́n ń sin mí. Nínú yàrá ìyá mi, Ìyáálé ń ráhùn pé ìbàdí ń dun òun, pé dókítà ní òun á rìn. Ìyá mi ní ó yẹ bẹ́ẹ̀, ẹni tó jí ìwé ilé. Àbúrò mi fi ìborùn di ẹnu, n kò mọ̀ bóyá ẹkún ni àbí ẹ̀rín. Nígbà tí mò ń jáde, ó sọ sí mi létí pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò rí òkú tó láriwo tó báyìí rí.”

Oṣù mẹ́ta ni mo fi ṣe é. N kò ní iṣẹ́ mọ́, n kò ní ìwé eré, gbogbo òwúrọ̀ ni mo fi ń wá ohun tí Ìyáálé yóò sọ ní ọ̀sán. Mo jẹ́ kó dá ìwé ilé padà. Mo jẹ́ kó jà pẹ̀lú aránṣọ. Mo jẹ́ kí àìsàn mú un, kó tún yá. Bí ọ̀rọ̀ bá tán lẹ́nu mi, mo ń ka orúkọ aṣọ, irú èyí tí ìyá mi ń tà nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bí ẹni pé Ìyáálé wà ní ìsọ̀, ó ń ná an. Ìgbà mélòó ni mo fẹ́ kí Ìyáálé lọ kí ìyá rẹ̀, kó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, kí n lè kúnlẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Kò ṣeé ṣe. Èmi fúnra mi ni mo ti sọ pé ìyá rẹ̀ ti kú.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, ìyá mi kò lè jókòó mọ́. Wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀, wọ́n fi ìrọ̀rí méjì gbé orí rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ti di ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ìkòkò. Síbẹ̀, bí agogo méjì bá kù díẹ̀, á bi àbúrò mi bóyá Ìyáálé ti dé.

Ọjọ́rú kan ni, mo wà lórí ìdúró, ìyàwó kékeré wà lójú àpótí láìsí ohùn, ó wé gèlè Ìyáálé. Mo ń sọ nípa aránṣọ. Ìyá mi gbé ọwọ́ sókè.

“Ìyàwó alágbẹ̀dẹ sọ fún mi pé wọ́n ti sin Ìyáálé. Ọjọ́ tí wọ́n sin ín gan-an ló wá sọ ọ́. Ó ní òun sunkún.”

Àbúrò mi gbé rìmóòtù sílẹ̀ rọra. Oṣù mẹ́ta. Ó ti mọ̀ fún oṣù mẹ́ta, ó sì ń ní kí n máa bọ̀. Kò sí Ìyáálé láàárín èmi àti òun mọ́. Ta ni yóò wá pè wọlé? Mo dúró de ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré. N kò mí. Ó ń fọwọ́ wá nǹkan kiri lórí ẹní, mo rò pé ọwọ́ mi ló ń wá, mo tẹ̀ síwájú. Tẹ̀sùbáà rẹ̀ ni. Ó rí i.

“Kí ló dé tí o dákẹ́?” ó ní. “Wọn ò tíì lu orin ìparí.”

Ó yẹ kí n sọ ọ́ nígbà náà. Ó yẹ kí n jókòó tipátipá, kí n fi orí mi lé àyà rẹ̀, kí n ní, “Ìyá mi, mi ò sọ ti aránṣọ mọ́.” Ẹ̀rù bà mí pé yóò ní kí n jáde. Mo padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí. Mo mú ọ̀rọ̀ aránṣọ láti ibi tí mo ti já a, mo sọ ọ́ títí ó fi sùn, mo sì jáde nígbà tí orin bẹ̀rẹ̀, bó ṣe fẹ́ kí n máa ṣe.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn rẹ̀, àbúrò mi ránṣẹ́ pè mí. Agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ ni. N kò rí yàrá náà láàárọ̀ láti ọdún mẹ́jọ. Mo ti gbàgbé pé oòrùn máa ń ti fèrèsé kékeré yẹn wọlé sórí ẹní rẹ̀. Kò sí ẹni tó ní kí n dúró síbẹ̀. Mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ní, “Ìyá mi, èmi ni.” Mo tún un sọ. Àwọn obìnrin tí yóò wẹ̀ ẹ́ ti gbé omi dé ẹ̀yìn mi, wọ́n ní kí n jọ̀ọ́, kí n sún díẹ̀.